Egbò Abẹ́ Fìlà Jóṣúà

Jóṣúà Akínbíyìí ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ní gáréèjì Challenge, níbi tó ti ń pe èrò Ìjẹ̀bú-Òde láti ọdún pípẹ́, Òyìnbó ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Àfín ni. Orúkọ náà kò mú àǹfààní òyìnbó kankan wá fún un. Ọlọ́pàá kì í kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ilé ìfowópamọ́ kì í sì í fi í síwájú lórí ìlà. Kìkì pé bí ó bá ké “Ìjẹ̀bú-Òde, ẹnì kan péré!”, àwọn èrò a máa tètè rí i láàárín èrò.

Ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé ní Àpáta. Ìyá Jóṣúà gbà gbọ́, gẹ́gẹ́ bí ìyá tirẹ̀ náà ti gbà gbọ́, pé àfín kì í jẹ iyọ̀. Bí ó bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì dúdú, àmì yóò sì di egbò. Díákónì ni ìyá yìí nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Kò sí ẹsẹ̀ Bíbélì kan tó sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iyọ̀ kò sí lábẹ́ àṣẹ pásítọ̀. Láti ìgbà tó ti já ọmọ náà lẹ́nu ọmú ni ìkòkò kékeré kan ti ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ńlá, iyọ̀ kò sì kàn án rí.

Ohun tí ìyá kò mọ̀, bí Jóṣúà ti rò ó, ni pé lọ́sàn-án, ní ilé oúnjẹ kan lẹ́yìn gáréèjì, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí iyọ̀ rẹ̀ pé ni ó ń jẹ. Bí alẹ́ bá lẹ́, yóò jókòó ti ọbẹ̀ àìníyọ̀, yóò lá ìka, yóò ní, “Màmá, ẹ mà mọ ọbẹ̀ ọ́ sè o.”

Nítorí náà, nígbà tí nǹkan kan bí irorẹ́ yọ sí ṣóńṣó etí rẹ̀ lápá òsì, tó ń gbẹ, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó tún ń gbẹ, tí oṣù sì ń gorí oṣù, Jóṣúà kò pè é ní àìsàn. Àṣírí ló pè é. Iyọ̀ ti jábọ̀. Ó ra fìlà abetí ajá, ó fa etí fìlà náà bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Òyìnbó, ìyàwó wo lo ń fẹ́ tí fìlà yìí ò kúrò lórí ẹ?” Tàjúdéènì ló bi í, awakọ̀ kan tí wọ́n jọ dàgbà sí gáréèjì.

“Òtútù ló ń mú mi.”

“Òtútù? Nínú oòrùn Challenge? Wò ó, gbé fìlà yẹn wá ká rí ọkọ ìyàwó.”

Ó ti já a gbà kí Jóṣúà tó yẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò parí.

“Jóṣúà,” ni ó wí. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. “Wọ mọ́tò.”

“Èrò ò tíì pé.”

“Mo ní kó o wọ mọ́tò.”

Ọsibítù kan ní Bódìjà ló gbé e lọ, níbi tí wọ́n ti ń yẹ awọ ara àwọn àfín wò lọ́fẹ̀ẹ́. Dókítà Moróunkẹ́, ọ̀dọ́bìnrin tó wọ awò ojú, gbé fóònù kan tí wọ́n lẹ gíláàsì kékeré mọ́ lẹ́yìn, ó gbé e lé etí náà, ó yà á. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ fi àwòrán náà wé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán tí wọ́n ti fi kọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀kan náà, ojú fóònù pọ́n.

“Ẹ̀rọ yìí fura pé jẹjẹrẹ ni,” ni dókítà wí. “Èmi náà fura. Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì ò tíì lè búra. A máa gé bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò.”

“Ṣé ẹ̀rọ yìí ṣeé gbára lé ni?” ni Jóṣúà bi í.

“Awọ àwọn òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ ọ jù. Bí mo bá gbé e sára èmi, ó máa ń kọsẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní láálì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ alhaja kan ni jẹjẹrẹ. Tiyín yìí, kò kọsẹ̀ rárá.”

Jóṣúà wo fóònù náà tìkatìka. “Òun náà ń pè mí ní òyìnbó?”

“Kò mọ orúkọ yín, sà. Awọ ló mọ̀.”

Èsì àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ awọ ara ni, ṣùgbọ́n kò tíì kọjá etí. Bí wọ́n bá gé ṣóńṣó etí náà kúrò kíákíá, ó parí. Bí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́, ẹ̀mí ló ń lọ.

“Ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí màmá mi bá rìnrìn àjò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́,” ni Jóṣúà wí.

“Ìgbà wo nìyẹn?”

“Kérésìmesì.”

Oṣù kẹfà ni wọ́n wà. Dókítà gbé bírò sílẹ̀. “Kí ni màmá máa fi yín ṣe?”

Jóṣúà rẹ ohùn sílẹ̀. “Iyọ̀ ni mo jẹ.”

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Inú ilé tí wọ́n ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tọ́ òun náà. “Kì í ṣe iyọ̀,” ni ó wí. “Oòrùn ni. Ẹ lọ mú màmá wá.”

Ìyá Jóṣúà wá lọ́jọ́ kejì, aṣọ ìsìn ló wọ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

“Oòrùn kẹ̀? Oòrùn tí Ọlọ́run dá?”

“Iyọ̀ náà, Ọlọ́run ló dá a, Mà. Ohun tó ń gba awọ tiwa sílẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, àfín ò ní in. Láti kékeré ni ìpalára náà ti ń kóra jọ.”

“Láti kékeré?”

Ilẹ̀ ni ìyá náà ń wò nígbà tó tún sọ̀rọ̀. “Èmi ni mo máa ń fi í ṣọ́ èlùbọ́ lórí àpáta, kéwúrẹ́ má jẹ ẹ́. Láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Mo sì máa ń yìn ín fáwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé kì í kúrò lójú kan.”

Jóṣúà rò pé àsìkò tó. “Màmá, mo ti ń jẹ iyọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé Challenge.”

“Mo mọ̀,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ta ló lè jẹ ọbẹ̀ yẹn tọkàntọkàn, kó tún máa lá ìka?” Ó kọjú sí dókítà. “Ẹ gé e. Lónìí, bó bá ṣeé ṣe.”

Wọ́n gé e láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó sì jinná dáadáa. Dókítà ní kó máa wọ aṣọ alápá gígùn àti fìlà tó fẹ̀ yí orí ká, kó sì máa wá ibòji. Jóṣúà gbà. Ìyá rẹ̀ kò gbà pé ó gbà. Lójoojúmọ́ tí oòrùn bá ti mú, obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún náà a wọkọ̀ láti Àpáta, a dé gáréèjì pẹ̀lú agboòrùn ńlá, a sì dúró tì í, agboòrùn lórí ọmọ, òun fúnra rẹ̀ nínú oòrùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èrò kan tó rí wọn bẹ́ẹ̀ rò pé alágbe ni wọ́n. Ó na igba náírà sí ìyá náà.

“Ẹ fi sápò yín, ọ̀gá mi,” ni Ìyá Jóṣúà wí. “Ṣé Ìjẹ̀bú-Òde lẹ̀ ń lọ? Ẹ tètè wọlé, ó ku ẹnì kan péré.”