Àwo Kẹta

Ọdún mẹ́fà ni mo fi bójú tó ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA Àpápá, èmi ni mo sì kọ gbogbo ìkéde tí wọ́n fi ń wá ṣẹ́ẹ̀fù níbẹ̀. Mo kọ ọ́ títí n kò fi ní láti ronú mọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà: A ń wá ṣẹ́ẹ̀fù tó mọṣẹ́, tó ní ìwé ẹ̀rí, tó sì ṣe tán láti dúró. Máníjà ló fi "tó sì ṣe tán láti dúró" kún un lẹ́yìn tí ẹnì kejì já wa sílẹ̀. Wọ́n á lẹ ìwé náà mọ́ géètì, wọ́n á fi ránṣẹ́ lórí fóònù, a ó sì jókòó, a ó máa ráhùn pé kò sí ṣẹ́ẹ̀fù mọ́ ní gbogbo Èkó, pé Lẹ́kí ti kó wọn, ọkọ̀ òkun ti kó wọn, Kánádà ti kó èyí tó kù.

Ní gbogbo ìgbà tí à ń sọ báyìí, oúnjẹ ń jáde láti kíṣìnì. Kò sí ọjọ́ kan tí àlejò jókòó sídìí tábìlì tí kò rí nǹkan jẹ. Kò sì sẹ́nì kankan nínú wa tí kò mọ ẹni tó ń sè é. Màmá ni.

Obìnrin tí à ń pè ní Màmá yìí ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, Ajégúnlẹ̀ ló sì ti ń wá. Nínú fáìlì tó wà lọ́wọ́ mi, "olùrànlọ́wọ́ nínú kíṣìnì" ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ sì ni, èyí tí wọ́n ń pè ní káṣúà. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni káṣúà ń fọwọ́ síwèé. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ó tún di òṣìṣẹ́ tuntun. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń sọ Màmá di tuntun. Mo ka àwọn ìwé náà lọ́jọ́ kan, wọ́n jẹ́ mẹ́rìndínlógójì, mo sì pa fáìlì náà dé bí ẹni tó rí ohun tí kò yẹ kó rí.

Ọ̀sán ni mo máa ń lọ sí kíṣìnì lọ jókòó tì í. Mo bi í nígbà kan pé níbo ló ti kọ́ṣẹ́.

"Yunifásítì," ló wí. Kò rẹ́rìn-ín. "Ìwọ nìkan kọ́ lo lọ. Tèmi wà nínú AJ, Ajégúnlẹ̀ wa níbẹ̀. Yàrá mẹ́rìndínlógún, kíṣìnì ẹyọ kan. Ìyá Urhobo ló kọ́ mi ní ọbẹ̀ bangá, ìyá kan láti Kàlàbá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣan ewé, Ìjọ̀ ni ẹni tó kọ́ mi lẹ́ja. Bó o bá sè é tí kò dùn, gbogbo ilé ló máa gbọ́. Wọ́n á yáàbù ẹ títí wàá fi kó lọ. Irú ìdánwò wo lẹ̀yin ṣe tó le jùyẹn?"

Mo ní kò sí.

Lọ́jọ́ yẹn ló sọ nípa fọ́ọ̀mù ṣọ́ọ̀ṣì fún mi. Ọdọọdún ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìjọ rẹ̀ máa ń kọ orúkọ wọn, àdírẹ́sì wọn, àti iṣẹ́ wọn. Ó ní bí òun bá dé ibi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́, ọwọ́ òun máa ń dúró. Òun ò lè kọ olùrànlọ́wọ́, nítorí òun ò rí ẹni tí òun ń ràn lọ́wọ́. Òun ò sì lè kọ ṣẹ́ẹ̀fù, nítorí irọ́ ò dáa nínú ilé Ọlọ́run. Òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ló máa ń kọ, ìyàwó pásítọ̀ sì lérò pé bẹ́ẹ̀dì ló ń tẹ́.

"Kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ fún mi," ló wí. "Kí n tó kúrò láyé yìí, kí wọ́n kọ ohun tí mò ń ṣe sínú ìwé."

Máníjà wa kì í ṣe ènìyàn burúkú, ohun tó ń bí mi nínú jù sì nìyẹn. Lọ́jọ́ Sunday tí àwọn méjì tó ń gbé oúnjẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òun fúnra rẹ̀ ló ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè tó fọ àwo. Bó bá wọ kíṣìnì, á tẹ̀ ba díẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ̀yin lẹ mú wa dúró níbí o, Màmá." Kò pè é ní "ìwọ" rí. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí gbogbo "ẹ" yẹn ń ṣe. A ń bọ̀wọ̀ fún un lẹ́nu débi pé kò sẹ́ni tó rántí pé kò ní ipò kankan. Màmá là ń pè é, kí a má bàa pè é ní ṣẹ́ẹ̀fù.

Àwọn ṣẹ́ẹ̀fù tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní yàrá tiwọn lẹ́yìn hòtẹ́ẹ̀lì, wọn kò ní ìṣòro ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni Màmá ń wọ̀. Bí tírélà bá ti dí Malu Road, á sọ̀ kalẹ̀, á máa fẹ̀gbẹ́ rìn láàárín kọ̀nténà. Bó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé géètì. Lójoojúmọ́ tó bá ń lọ ilé, ọkùnrin géètì á ní kó ṣí báàgì rẹ̀, kí òun wò ó bóyá ẹran wà níbẹ̀. Wọn kò ṣí báàgì ṣẹ́ẹ̀fù rí. Nígbà tí mo béèrè, ọkùnrin géètì ní àṣẹ ni, òótọ́ ló sì sọ. Mo rí àṣẹ náà, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi.

Lẹ́yìn tí ṣẹ́ẹ̀fù kẹta lọ, ọ̀gá àgbà tó ni hòtẹ́ẹ̀lì náà ní òun ò ka ìwé ẹnikẹ́ni mọ́. Kí àwọn mẹ́ta tó ń wáṣẹ́ wá se pẹpẹ súpù ọ̀bọ̀kún ní Thursday, òun á tọ́ ọ wò, òun á sì mú ọ̀kan, láìmọ ẹni tó sè é. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà sídìí àwo.

Ní aago mọ́kànlá, ẹnì kẹta pè. Ó ní tírélà kan ti bàjẹ́ dí ọ̀nà lórí bíríìjì, òun ti yí padà. Máníjà gbá orí mú.

"Ọ̀gá ti wà lọ́nà. Bí wọ́n bá rí àwo méjì, wọ́n á ní mi ò wá èèyàn." Ojú rẹ̀ bọ́ sára Màmá, ẹni tó ń já efinrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá wa se ẹ̀kẹta, kí àwo ṣáà lè pé."

Màmá ò gbé orí sókè. "Ṣé kí n sè é bí èmi ṣe ń sè é, àbí bí ẹni tó ń wáṣẹ́?"

Gbogbo kíṣìnì rẹ́rìn-ín, máníjà náà rẹ́rìn-ín. "Bíi tiyín, Màmá."

Ọ̀gá àgbà tọ́ àwo kìíní wò, ó mi orí. Ó tọ́ èkejì wò, ó fi ṣíbí sílẹ̀. Ó wá dé orí ẹ̀kẹta. Ó jẹ ẹja náà tán, ó gbé àwo, ó mu omi rẹ̀ gbẹ, ó wá fi áńkáṣíìfù nu iwájú orí.

"Ẹni yìí," ló wí. "Ẹ mú un. Ẹ má jẹ́ kó lọ o."

"Ẹ ṣeun, sà," ni máníjà wí.

Máníjà wò mí. Ìwé nọ́ńbà wà lọ́wọ́ mi. Mo lè kà á sókè. Gbólóhùn kan péré ni. Mo wo ilẹ̀.

Nínú ọ́fíìsì, mo bi máníjà pé ta ni kí n kọ lẹ́tà sí.

"Àwo kìíní."

"Àwo kẹta ni wọ́n mú, sà."

"Màmá ò ní sàtífíkéètì. Bí ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan tó wá jẹun bá ní òun fẹ́ rí ṣẹ́ẹ̀fù ńkọ́? Ṣé Màmá ló máa jáde?"

"Ṣé oúnjẹ Màmá kọ́ ni wọ́n ń jẹ, sà?"

"Ta ló ní kì í ṣe oúnjẹ Màmá?" Ohùn rẹ̀ kò le. "Màmá ò lọ ibì kankan. Màmá wa ni. Ẹni tó lè lọ ló yẹ ká dè mọ́lẹ̀."

Mo kọ lẹ́tà fún àwo kìíní. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo fi èyí pamọ́. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Màmá kan ilẹ̀kùn. Ó ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ti wọ aṣọ ilé, ó sì wé orí.

"Wọ́n ní ọ̀gá mú àwo kẹta."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé wọ́n á yí ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ mi padà?"

Mo ní màá bá wọn sọ ọ́. Ó ní ó dáa, Olúwa á gbé mi ga, ó sì lọ ṣí báàgì rẹ̀ ní géètì.

Lọ́jọ́ Monday, wọ́n ní kí Màmá máa kọ́ ṣẹ́ẹ̀fù tuntun náà bí wọ́n ṣe ń se pẹpẹ súpù.

Mo kọ ìwé sí ọ̀gá àgbà. Ojú ìwé kan àti ààbọ̀, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́: ìwé mẹ́rìndínlógójì, báàgì, géètì, Thursday, Monday. Ó pè mí lórí fóònù, ó fara balẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀, ó tiẹ̀ yìn mí pé mo mọ ìwé kọ.

"Ṣùgbọ́n rò ó wò," ló wí. "Bí a bá sọ Màmá di ṣẹ́ẹ̀fù, ta ni yóò wá máa ṣe iṣẹ́ tí Màmá ń ṣe?"

Òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó ní kí n kí máníjà.

Àwo kìíní lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọmọ dáadáa ni, kò sì gbéra ga. Ó sọ fún mi ní géètì lọ́jọ́ tó ń lọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun pé ojú ń ti òun láti dé fìlà ṣẹ́ẹ̀fù gíga yẹn níwájú Màmá. Máníjà ní kí n tún kọ ìkéde. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Màmá sọ pé òun ń lọ.

Kò pariwo. Ó ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń tún tírélà ṣe ní Malu Road fẹ́ ẹni tí yóò máa bójú tó kantíìnì wọn, òṣìṣẹ́ gidi, kì í ṣe káṣúà. Wọ́n kàn fẹ́ lẹ́tà láti ibi tó ti ń bọ̀, tó sọ iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀.

Máníjà jókòó sórí àga. "Màmá, ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà."

"Kí la ṣe fún yín?"

"Ẹ̀ ń pè mí ní Màmá," ló wí. "Ó dáa. Mo ní ọmọ mẹ́rin nílé tó ń pè mí bẹ́ẹ̀."

Máníjà ní kí n lọ kọ lẹ́tà náà bó ṣe wà nínú fáìlì. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Mo kọ ọ́ pé obìnrin yìí ni ṣẹ́ẹ̀fù wa fún ọdún mẹ́sàn-án. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e síwájú máníjà. Ó kà á, ó tún kà á.

"Ìwọ náà mọ̀ pé ohun tó wà nínú fáìlì kọ́ nìyí."

"Ohun tó wà nínú ìkòkò ni, sà."

Ó mú bíírò. Mo ti múra ohun tí màá sọ sílẹ̀, n kò rí i lò, nítorí ó fọwọ́ sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sí kíṣìnì, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé e lọ́wọ́. "Ẹ má bínú, Màmá," ló wí, mo sì gbà pé ó dùn ún.

Màmá nu ọwọ́ kó tó gbà á. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ yẹn, ó fi ìka lé e.

"Ṣẹ́ẹ̀fù," ló wí. Ó gbé ojú sókè, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́."

Kò tíì pé oṣù kan tí Màmá lọ, ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan dá pẹpẹ súpù padà. Ó ní èyí kọ́ lòun jẹ nígbà tóun wá kẹ́yìn. Máníjà wá bá mi pé kí n pe Màmá, kí n béèrè bó ṣe ń sè é, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo pè é. Ìró òòlù lára irin ń dún lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń pariwo pé ìrẹsì òun ńkọ́.

"Ta ló ní kó o béèrè?"

"Máníjà ni, mà."

"Sọ fún un pé kó béèrè lọ́wọ́ ṣẹ́ẹ̀fù rẹ̀."

"Kò sí ṣẹ́ẹ̀fù, mà. A ṣì ń wá a."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹni tó fẹ́ ìrẹsì fi bi í pé kí ló dé. Mo rò pé á pa fóònù. Kò pa á. Ó ní kí n mú bíírò. Ó ní kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ ohun tó ń yọ̀ lára ẹja náà kúrò. Kí wọ́n yan ẹ̀ẹ̀rù díẹ̀ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Pé bí ẹja bá ti wọ inú omi, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣíbí rò ó, ìkòkò ni kí wọ́n gbá mú kí wọ́n mì. Efinrin kẹ́yìn, lẹ́yìn tí iná bá ti kú.

"Kọ ọ́ dáadáa," ló wí. "Àwọn àlejò ò ṣẹ̀ mí."

Mo kọ gbogbo rẹ̀. Mo wá bi í nípa fọ́ọ̀mù ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní wọn ò tíì pín tọdún yìí, ṣùgbọ́n òun ti fi lẹ́tà náà sínú Bíbélì, kó má bàa ká.

Mo padà lọ sọ fún máníjà pé nẹ́tíwọ̀kì kò dára, n kò gbọ́ ohun tí Màmá sọ. Irọ́ ni mo pa. Ìwé tí mo kọ bó ṣe ń sè é sí wà nínú báàgì mi di òní, ẹnikẹ́ni kò sì ṣí báàgì mi wò rí ní géètì yẹn. Màmá fi ẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn, n kò sì ní ẹ̀tọ́ láti dì í mú. Mo ti ka àṣìṣe gbogbo ènìyàn sílẹ̀; èyí jẹ́ tèmi, n kò sì tíì ṣe tán láti tún un ṣe.