Òpó Tí Ikán Ti Jẹ

Ọdún 1990 ò tíì wọlé nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Sójà ló ń ṣèjọba, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́ tó ń fa wáyà tẹlifóònù láti Ìkirè lọ sí Apòmù.

Orí òpó igi là ń gbé wáyà náà gbà. Ikán ti jẹ ìdí púpọ̀ nínú wọn; bí a bá fi òòlù kàn wọ́n, ńṣe ni wọ́n ń dún bí àgbá òfìfo. Ẹgbẹ́ rán mi sí ọ̀gá wa, ẹnjiníà tí kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ àwọn òpó yìí ká tó gùn wọ́n.”

“Àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá ṣí tẹlifóònù yìí. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kó lọ roko.”

Ràúfù, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìkòyí tó wà nítòsí Apòmù, ló gun òpó lọ́jọ́ kejì, nítorí ọ̀gá ní òun yóò lé e dànù bí kò bá gùn ún. Òpó dá níbi ìdí, ó gbé e lulẹ̀, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣẹ́. Ọ̀gá yọrí lójú fèrèsé mọ́tò, ó ní, “Ẹ yẹ wáyà wò, kó má ti já.” Ìríra ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi dòní.

A gbé Ràúfù lọ sí ọsibítù ní Ìkirè. Bí a ti ń sunkún la ń ríran: a da iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá kó àwọn mìíràn wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n kánjú so wáyà mọ́ àwọn òpó kan náà. Nígbà tí ọjọ́ àlejò fi pé, wọn ò tíì so ó mọ́ ẹ̀rọ ní Ìkirè.

Ní Apòmù, àlejò náà, aṣojú ìjọba, gbé tẹlifóònù sétí níwájú gbogbo èrò, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ ǹlẹ́ o, ará Ìkirè. Mò ń gbọ́ yín ketekete.”

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Sìdíkátù, ìyàwó Ràúfù, dúró tì mí.

“Bọ̀ọ̀dá, ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀?”

“Kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Wáyà yẹn ò tíì dé ibì kankan.”

Sìdíkátù rìn lọ síwájú, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ ará Ìkirè. Bàálé mi wà ní ọsibítù níbẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ wọn ti ń gbéra?”

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo ọ̀gá wa, ó rọra gbé tẹlifóònù kalẹ̀. Bàbá oníkòkó kan láàárín èrò ní, “Ẹ dá obìnrin yìí lóhùn.” Àwọn ẹ̀ṣọ́ aṣojú ìjọba fa Sìdíkátù kúrò níwájú wọn, wọ́n sì ti àwa òṣìṣẹ́ mọ́lé.

Ṣùgbọ́n ìtìjú ti bá wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé òpó irin wá, wọ́n sì dá wa padà sẹ́nu iṣẹ́. Èrè tí a jẹ nìyẹn. Ràúfù ò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́ títí ó fi kú. Ọ̀gá wa ní tirẹ̀, wọ́n gbé e ga sí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ máa ń sọ fún mi pé a borí. Òpó la gbà. Bí ewúrẹ́ ẹnì kan bá kú ládùúgbò wa, a máa ń lọ kí i kú àdánù. Nínú gbogbo àwọn aláṣẹ yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó dé Ìkòyí láti sọ fún Sìdíkátù pé pẹ̀lẹ́. Obìnrin náà ṣì wà láàyè. Ọ̀nà Ìkòyí ò sì jìnnà.