Kọ̀ǹpútà Tí Yóò Bá Ọmọ Mi Lọ

Ìṣó kan wà lára ògiri yàrá wa ní Àjẹ́gúnlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí a máa ń fi pádì géèmù méjì kọ́. Ti ọmọ mi dúdú, tèmi pupa. Lọ́jọ́ tó ń lọ sí pólì, ó mú tirẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó rọra ká okùn rẹ̀ jọ, ó sì tì í bọ àárín aṣọ nínú báàgì. Ẹ̀rọ géèmù wa ti kú láti ìgbà tí òjò wọlé bá wa, kò sí ohun tó fẹ́ fi pádì náà ṣe níbi tó ń lọ. Mi ò bi í. Àmọ́ nígbà tí mo ti gáréèjì dé tí mo ṣílẹ̀kùn, tèmi nìkan ló wà lórí ìṣó. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mi ò tiẹ̀ rántí bọ́ bàtà.

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: èmi àti ọmọ yìí la jọ dàgbà. Ọdún tí mo ṣe ìdánwò àṣejáde ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo bí i. Bàbá rẹ̀ ti lọ kí ọmọ tó mọ ojú rẹ̀. Nígbà tó tó ọmọ tí ń sá lọ sí ṣọ́ọ̀bù géèmù ládùúgbò, mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan láti fà á létí wálé. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n parí èyí." Mo dúró. Mo wò ó títí. Mo ní kó jẹ́ n dán an wò. A ò tètè délé lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan fún àwa méjèèjì. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lára pádì tèmi kì í gbọ́ràn àfi tí o bá tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀kùn gbogbo wa nínú ilé náà ló dojú kọra, kò sí ariwo tí a pa tí wọn ò gbọ́. Ìyá tó wà ní iwájú wa á pariwo láti yàrá rẹ̀, "Ìyá àtọmọ tún ti gbé e dé! Ta ló jẹ?"

Èmi á ní, "Ọmọ tó ń fìyà jẹ ìyá ẹ̀ ni, Mà!"

Ó ti lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ níléèwé kó tó pè mí nípa kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló lọ kọ́, wọ́n sì ti ní kí kálukú wá tirẹ̀.

"Mọ́mì, kì í ṣe kọ̀ǹpútà lásán o. Èyí tó lè gbé géèmù ni."

"Géèmù? Ṣé géèmù ni wọ́n ní kẹ́ ẹ wá kọ́?"

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Èyí tó bá gbé géèmù ló máa gbé àwòrán ilé. Agbára kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò."

"Èwo ló wá ṣáájú níbẹ̀, ilé àbí bọ́ọ̀lù?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Mo ní kó wá ní Sátidé ká jọ lọ rà á, ó ní wọ́n ní iṣẹ́ ní Sátidé. "Ẹ̀yin náà mọ géèmù," ló wí. "Ẹ bá mi dán an wò. Ẹ má wo bó ṣe ń dán o. Ẹ jẹ́ kó gba bọ́ọ̀lù títí ara ẹ̀ á fi gbóná, ẹ ó rí ìwà ẹ̀."

Mo gbé pádì pupa sínú báàgì, mo dá lọ.

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí mo lọ wà ní Àpápá, kò jìnnà sí ọ́fíìsì tí mo ti ń gba àlejò tí mo sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Tòkunbọ̀ ni gbogbo ọjà inú rẹ̀, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn títí dé àjà. Ọkùnrin tó ni ín kí mi káàbọ̀, ó sì bi mí léèrè ta ló fẹ́ lò ó.

"Àbúrò yín ni, Àǹtí?"

"Ọmọ mi ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ pólì."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Háà! Ẹ̀yin yìí?"

"Èmi yìí náà. Mo tètè bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ gbé ọjà wá, ẹ̀gbọ́n."

Láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ kan tó ń dán bíi dígí ló kọ́kọ́ gbé síwájú mi. Mo fa pádì yọ, ó sì lanu. "Madam, you dey play?"

"Small small."

Ó ṣí géèmù bọ́ọ̀lù fún mi. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń sáré dáadáa. Ọkùnrin náà fẹ́ pa á, ó ní mo ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

"Ẹ ò kánjú ni?"

"Mi ò kánjú. Kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí nílé."

Mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Ọkùnrin náà fa àga kan fún mi. Nígbà tó ṣe, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ayò inú géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ikùn láptọ́ọ̀pù náà, bí mo ṣe máa ń fi kan ọrùn ọmọ mi tí ara rẹ̀ ò bá yá. Ó gbóná kọjá bó ṣe yẹ.

"Ẹ gbé eléyìí padà. Ibà ń ṣe é."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá sọ òtítọ́ fún mi. Ó ní pẹ̀lú owó tí mo mú wá, láptọ́ọ̀pù méjì péré ló lè gbé géèmù dáadáa níbẹ̀, wọ́n sì ti ra ọ̀kan lọ. Èyí tó kù nípọn, ó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù, ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó, bátìrì rẹ̀ ò sì lágbára. Àfi tí wọ́n bá kì í bọ iná ni yóò ṣiṣẹ́. Mo dán an wò. Fáànù rẹ̀ ń pariwo, ṣùgbọ́n ó gba bọ́ọ̀lù délẹ̀, kò wọ́ ẹsẹ̀.

"Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé èmi ni yín," ló wí, "owó yìí kan náà, èyí ni màá rà." Ó ṣí aṣọ lórí kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì, tòun ti gíláàsì ojú rẹ̀ gbàgẹ̀dẹ̀. Ó tan géèmù sí i. Ọlọ́run mi! Koríko pápá náà tutù lójú, mo rí òógùn lójú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo fọwọ́ kàn án, kò gbóná rárá.

"Ó lágbára ju láptọ́ọ̀pù yẹn lọ fíìfíì. Wàhálà ẹ̀ kan ni pé kò ṣeé gbé kiri. Wọ́n ò lè kó eléyìí sí yàrá iléèwé tí àwọn ọmọ máa ń kún bí ẹja inú agolo. Ilé ló máa wà."

Ilé ló máa wà. Mo ti rí ibi tí yóò wà, lábẹ́ fèrèsé, lórí tábìlì tó fi ń kàwé. Mo rí ọmọ mi tó ń wọlé ní gbogbo Fúráìdé nítorí rẹ̀. Mo rí ara mi tí mò ń se ẹ̀wà sílẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀ ju ti láptọ́ọ̀pù lọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi kọ́. Ta ló lè dá mi lẹ́bi?

Mo pè é. Mo ṣàlàyé méjèèjì fún un. Mo yin ti orí tábìlì dáadáa.

Ó ní, "Ó dáa, Mọ́mì. Ẹ rà á. Mo lè máa wálé wá lò ó ní Fúráìdé."

Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn tó máa ń lò nìyẹn nígbà tó wà ní kékeré, tó bá ti rí ìsàlẹ̀ ìkòkò, tí mo sì bi í bóyá ó ti yó. "Mo ti yó, Mọ́mì." Tútù báyìí, kò ní gbójú sókè.

Mo dágbére fún un. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé kó di oníbúlọ́ọ̀kù fún mi.

"Láptọ́ọ̀pù? Àǹtí, ó dá yín lójú?"

"Ẹ bá mi dì í kó tó di pé mo tún yí ọkàn padà."

Mo fẹ́ gbé e lọ fún ọmọ mi fúnra mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má ṣe wàhálà, ọ̀nà jìn. Ẹ bá mi fi í sí mọ́tò, màá gbà á ní gáréèjì." Mo ní kò burú. Mo fi tówẹ̀lì wé láptọ́ọ̀pù náà, mo fi ṣájà rẹ̀ sí i, mo sì fi gàrí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ fa síìpù báàgì pa, mo wo ara ògiri. Mo dìde, mo mú pádì pupa kúrò lórí ìṣó, mo tì í wọlé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹrù náà dé ló pè. Mò ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Mọ́mì! Ó ń gbé e! Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an! Ẹ tún fi pádì yín sí i?"

"Ta lo fẹ́ máa bá gbá a? Ògiri?"

"Ẹ̀yin wá ńkọ́?"

"Èmi wà ńbí."

Ẹnì kan pè é láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Mọ́mì, mò ń bọ̀," ó gbé fóònù kalẹ̀ níbì kan, kò pa á. Mo gbọ́ àga tí wọ́n ń wọ́. Mo gbọ́ ariwo fáànù oníbúlọ́ọ̀kù, lẹ́yìn náà ohùn ọmọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí.

"Pádì pupa yìí ò gbọ́ràn o! Mo tẹ̀ ẹ́, kò gbá a!"

"Má tẹ àárín ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni kó o tẹ̀. Bí mọ́mì mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

"Mọ́mì ẹ ń gbá géèmù? Irọ́!"

"Wọ́n á fún ẹ ní mẹ́ta sódo, wọn ò ní làágùn rárá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ariwo ta, ẹnì kan ti jẹ góòlù, mi ò sì mọ ẹni tó jẹ ẹ́. Mo ti la ẹnu láti béèrè kí n tó pa á dé, kí wọ́n má bàa rántí fóònù. Ọbẹ̀ ń hó. Mo dín iná rẹ̀ kù, kí n lè gbọ́.