Ọjọ́ Tí Wọ́n Ṣí Aṣọ Lójú Ọkọ̀ Mi

Aṣọ pupa tó ń dán ni wọ́n fi bo ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, bí eégún tí wọ́n ń fi pamọ́ de ọjọ́ ọdún. Títí di òní, bí mo bá rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lára àga ìyàwó, mo máa ń yí ojú mi síbòmíràn. Ọkọ̀ tuntun àkọ́kọ́ tí mo rà láyé mi ni, ní ilé ìtajà kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Nígbà náà, èmi ọ̀mọ̀wé a máa fi àwọn tó ń ya fọ́tò níwájú ohun ìní wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin tó tà á fún mi sọ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ní ètò àkànṣe fún gbígba kọ́kọ́rọ́, pẹ̀lú kéèkì, fídíò, àti ọ̀gá àgbà tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí aṣọ, mo ṣe bí ẹni tí kò fẹ́. Mo sì gbà kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Bàbá mi ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì ti pẹ́ ní òpópónà wa ní Festac. Lójú pópó wa, ẹni tó bá ra ọkọ̀ kì í gbé e wọlé fúnra rẹ̀. Bàbá mi ni wọ́n máa ń wá bẹ̀: "Bọ̀dá, ẹ bá wa gbé e wọlé o, ọwọ́ yín tutù." Wọ́n ní kò sí ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gba ọwọ́ rẹ̀ wọ géètì tó ní jàǹbá rí. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, dìgírì mi kò bá wọn jiyàn. Bàbá á wà á wọlé díẹ̀díẹ̀, ìyá mi á da omi tútù sẹ́sẹ̀ táyà, àdúrà á tẹ̀lé e. Ó ti gbé ti gbogbo ayé wọlé, tèmi ló kù tó ń retí. Ojú rẹ̀ sì ti ń di bàìbàì. Dókítà ní bí oòrùn bá ti wọ̀, kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ní bí òun bá ti gbé tèmi wọlé, ó tán, òun kò tún ní wa ọkọ̀ mọ́ láyé.

Wọ́n ní ká wá láàárọ̀, èmi àti bàbá mi sì dé láàárọ̀. Wọ́n ní ọ̀gá àgbà ń bọ̀. Ọ̀sán pọ́n, ọ̀gá àgbà ṣì ń bọ̀. Mo bẹ ọmọbìnrin náà pé kí bàbá mi máa gbé ọkọ̀ lọ, kí èmi dúró jẹ kéèkì wọn.

"Kò ṣeé ṣe sà. Mọ́tò yẹn ò lè jáde láìjẹ́ pé wọ́n ṣí aṣọ ẹ̀. Fídíò ẹ̀ ń lọ bá àwọn tó ṣe é ní òkè òkun."

Bàbá mi ní, "Ṣé mọ́tò lọmọ mi rà ni, àbí aṣọ?"

"Dádì, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ fún wa."

Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀gá náà tó dé, ó di ẹ̀bi ru àwọn tírélà tó dí ọ̀nà ní Mile 2. Ó ka ọ̀rọ̀ gígùn kan sí wa létí pé a ti di ẹbí òun. Wọ́n ká aṣọ. Ayàwòrán wọn mi orí sí mi: "Ọ̀gá mi, kò yà yín lẹ́nu tó. Ẹ jẹ́ ká tún un yà." Àwọn àgbà ní bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í tún gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo. Àwọn wọ̀nyí tún bo ọkọ̀ tí mo ti sanwó rẹ̀ tán, wọ́n sì tún ká a. Mo la ẹnu bí ẹja tí wọ́n yọ lódò. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ páálí tó tó àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi lé mi lọ́wọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ gidi lé bàbá mi lọ́wọ́, iná tírélà ti ń tàn lójú títì. Mo ní kí ọkọ̀ náà sùn síbẹ̀ di ọ̀la. Ọ̀gá tí a jọ di ẹbí lẹ́ẹ̀kan ní, "Ẹ ti gbà á lọ́wọ́ wa. Bó bá sùn síbí, ohun tó bá ṣe é kò kàn wá." Bàbá mi wo títì, ó wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi lé mi lọ́wọ́.

"Máa wà á. Ilẹ̀ ti ṣú."

Èmi ni mo wà á wọ géètì. Ìyá mi da omi sẹ́sẹ̀ táyà. Alájọgbé wa kan béèrè pé, "Bọ̀dá, ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé e wọlé?"

Bàbá mi ní, "Ọ̀gá wọn ló gbé e wọlé."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ń kọ́kọ́ wọlé. Kò wa ọkọ̀ kankan mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹnìkan bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì bóyá kí òun gba irú ètò náà, torí wọ́n ní ó níyì. Mo ní kó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kó máa lọ sílé. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un, ohùn mi ti ń le jù fún ilé Ọlọ́run. Fídíò náà wà lórí fóònù mi síbẹ̀. Èmi wà níwájú, mo la ẹnu. Gbogbo wọn ń wo aṣọ tó ń ṣí. Lẹ́yìn pátápátá, bàbá mi kọjú sí fèrèsé, ó ń wo bí oòrùn ṣe ń lọ.