Ẹ̀wà Tí Wọ́n Bù Sílẹ̀ Dè Mí

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ọ̀mù-Àrán, mo rò pé bí mo ṣe ń dá nìkan ṣeré nílé wa ni gbogbo ọmọ ṣe ń ṣe é nílé tiwọn. Ìyá tó tọ́ mi ń ta abọ́ tánganran lọ́jà. Èmi nìkan ni ọmọ rẹ̀, kò ní ẹnì kankan ṣáájú mi, kò sì ní lẹ́yìn mi. Màámi ni mo máa ń pè é, títí dòní mi ò sì pe obìnrin mìíràn bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi. Ìdòwú ni orúkọ mi. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń sọ ọmọ lórúkọ tó bá ti dùn lẹ́nu, ẹ gbọ́: Ìdòwú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, ọmọ tí ìyá bí tẹ̀lé ìbejì ló ń jẹ́ ẹ. Màámi lè bo gbogbo nǹkan yòókù mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò láyà láti pààrọ̀ orúkọ tí ọmọ gbé ti ọ̀run bọ̀. Nígbà tí mo wà ní prámárì, ọmọ kíláàsì mi kan bi mí pé, "Ìdòwú, Táíwò àti Kẹ́hìndé yín dà?" Mo délé, mo bi Màámi. Ó ní kí n lọ pọnmi. Mo pọnmi dé, mo tún bi í. Ó ní kí n lọ gbálẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ilé wa mọ́ ju mọ́ṣáláṣí lọ, mi ò sì rí èsì.

Ayé rọrùn nígbà náà. Owó epo ti dé. Àwọn ará ìlú wa tó wà ní Èkó ń gbé Píjò wálé, ìrẹsì kì í ṣe oúnjẹ ọdún nìkan mọ́, ìyá tó bá sì fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ fọ́kọ a ra abọ́ olódòdó mẹ́fà mẹ́fà lọ́wọ́ Màámi. Kí n tó lo ọdún mẹ́ta ní sẹ́kọ́ńdírì, gbogbo ẹ̀ ti yí padà. Ọjà òkè òkun kò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, èyí tó bá sì wọlé kò ṣeé fọwọ́ kàn. Èyí tó ṣẹ́kù ní ṣọ́ọ̀bù la wá ń rù kiri. A rù ú lọ sí Arandun, a rù ú lọ sí Òkè-Onígbìn. Ìjàrà-Ìsin nìkan ni Màámi kì í mú mi lọ. Ó máa ń dá lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni, tòun ti àpò kékeré kan, láìru abọ́ kankan.

Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí orúnkún Màámi wú. Ó ní kí n dá ru abọ́ lọ sí Òkè-Onígbìn, kí n tà á, kí n sì tètè padà. Wọ́n ní olóríkunkun ni Ìdòwú, Èṣù lẹ́yìn ìbejì. Wọn ò parọ́ mọ́ wa. Ìjàrà ni mo wọkọ̀ lọ. Kì í ṣe ọjà ni mo fẹ́ tà níbẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi ń pa mí mọ́ fún ìlú yẹn.

Mo ń polówó abọ́ lọ lójú ọ̀nà nígbà tí mo rí àwọn ọmọdé tí wọ́n pagbo yí ọpọ́n ẹ̀wà ká níwájú ilé kan. Ìyá arúgbó kan pè mí. "Alábọ́, sọ ẹrù ẹ kalẹ̀, wá jẹ ẹ̀wà ìbejì. Kẹ́hìndé wa ń lọ Èkó lọ́la, sàráà rẹ̀ la ń ṣe." Wọn kì í kọ ẹ̀wà ìbejì, ebi sì ń pa mí. Mo jókòó, àmọ́ àwọn ọmọ yẹn kò jẹ́ kí n rí ọpọ́n rárá. Mo wá rí abọ́ kékeré kan tí wọ́n bu ẹ̀wà sí, tí wọ́n gbé sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Mo na ọwọ́ sí i.

Gbogbo wọn pariwo lé mi lórí. "Má jẹ ẹ́ o! Ti Ìdòwú nìyẹn!"

Mo ní, "Èmi náà ń jẹ́ Ìdòwú."

Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó yẹn kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo ní ọmọ ìyá alábọ́ ni mí, ní Ọ̀mù-Àrán. Ó dìde, ó di orí mi mú, ó yẹ etí mi òsì wò. Ihò bíńtín kan wà lẹ́bàá etí yẹn, bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Ó ní, "Táíwò! Kẹ́hìndé! Ẹ jáde wá." Ọmọbìnrin kan jáde tòun ti téèpù ìránṣọ lọ́rùn, ọmọkùnrin kan tẹ̀lé e. Ihò bíńtín yẹn wà létí àwọn méjèèjì.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ara mi. Ìyá arúgbó yìí ló bí ìyá mi. Ìyá mi kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tó bí mi. Bàbá mi gba Èkó lọ níbi tí owó wà, wọn ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Apá ìyá àgbà kò lè ká ọmọ mẹ́ta, ló bá gbé mi fún ọ̀rẹ́ ìyá mi tí kò rọ́mọ bí. Màámi ní kí wọ́n má sọ fún mi títí n ó fi wọlé ọkọ, ìyá àgbà sì gbà. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè se ẹ̀wà ìbejì kóun má bu ti Ìdòwú sílẹ̀. Ọdọọdún ló ń bù ú. Ta ló ń ra ẹ̀wà náà? Màámi ni, òun ló máa ń dì í sínú àpò kékeré yẹn.

Táíwò gbé abọ́ náà fún mi. "Jẹ ẹ́. Ó ti sú mi kí n máa wò ó."

Mo jẹ ẹ́ tẹkúntẹkún. Inú mi dùn, inú sì ń bí mi sí Màámi débi pé mo sọ pé mi ò padà mọ́, Ìjàrà ni n ó máa gbé. Ìyá àgbà ní, "Má wulẹ̀ bú u. Nígbà tí gbogbo wa ń sọ pé o ò ní yè, òun ló gbé ọ pọ̀n." Ó bu ẹ̀wà sínú ọ̀kan nínú abọ́ tí mo gbé wá tà, ó ní kí n gbé e fún un. Kẹ́hìndé ló sìn mí wọkọ̀.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí mo fi délé. Mo gbé ẹ̀wà náà síwájú Màámi, mi ò kí i. Ó ṣí i, ó wò ó, ó dé e padà.

Ó ní, "Wàláì, ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tí o bá ti mọ̀ wọ́n, o ò ní mọ̀ mí mọ́."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bínú sí i. Lọ́jọ́ kẹrin, ó fi ọ̀pá ti orúnkún rẹ̀, ó ní kí n káàlọ sí Ìjàrà. Ó kúnlẹ̀ bẹ ìyá àgbà níwájú mi nítorí bó ṣe fi mí pa mọ́ fún wọn. Látìgbà náà, bí Táíwò bá ti rí àyè lẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ, ọ̀dọ̀ wa ló ń sùn. Kẹ́hìndé ò rí bàbá wa l'Ékòó, ṣùgbọ́n tó bá wálé, ọ̀dọ̀ Màámi ló ń kọ́kọ́ yà.

Ayé ti yí. Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ọmọ mi kan fi fóònù wá ọmọ bàbá rẹ̀ tí kò mọ̀ rí, kò sì tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi rí i. Mo bá a yọ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa jókòó jẹun pọ̀. Ó ní, "Màmá, a ń rí ara wa lórí fóònù lójoojúmọ́." Kò tẹ́ mi lọ́rùn, àmọ́ mo dúpẹ́ pé ìyà tí ìgbà tiwa fi jẹ wá kò jẹ wọ́n.

Lọ́jọ́ tí a sin Màámi, àfáà tó fẹ́ ṣàdúà bèèrè pé ọmọ mélòó ni ìyá fi sáyé lọ. Àwọn obìnrin àdúgbò tó mọ̀ pé kò bímọ rí wo ilẹ̀. Kí n tó lanu, Táíwò ti dáhùn.

Ó ní, "Àwa mẹ́ta ni."

Àfáà ṣàdúà fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.