Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Tí Comfort Kò Fọwọ́ Sí

Mo ti fọwọ́ sí tèmi kí Comfort tó wọlé. Kí n tètè jẹ́wọ́ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé akọni ni mí.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni èmi Bùnmi àti Comfort ti jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní agbègbè Ẹ̀rìjìyàn. Àwa là ń gbálẹ̀, àwa là ń fọ aṣọ ibùsùn, àwa là ń gbé omi gbígbóná fún àwọn agbẹ̀bí. Comfort kì í gba gbẹ̀rẹ́. Bí nọ́ọ̀sì kékeré kan bá kọjá láìkí i, á pè é padà pé kó wá kí òun dáadáa.

Lóṣù kejì ọdún yìí, àwọn ọ̀gá ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ kó ìwé ẹ̀rí wá fún àyẹ̀wò. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá bára mu, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Inú bí mi, torí ìwé tiwa kò lè bára mu láé. Nígbà tiwa, tíṣà kì í bèèrè ọjọ́ ìbí. Á ní kó o gbé ọwọ́ kọjá lórí, kó o fi kan etí òdìkejì. Bó bá ti kàn án, ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́, á sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Comfort ti pé mẹ́jọ kó tó dé ilé ìwé, torí òun ló ń pọn àbúrò rẹ̀ lóko kòkó. Tíṣà ò bìkítà, mẹ́fà náà ló kọ. Bí ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́fà rẹ̀ ṣe fi ọdún méjì dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù nìyẹn. Ọdún gidi wà nínú káàdì ìrìbọmi rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, òun ló sì fi gba iṣẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Olúwatóbi, ọmọ tíṣà kan ní Ìkọ̀rọ̀, ni olórí àwọn tó ń yẹ ìwé wò. Ó gbé ìwé kan tí wọ́n ti tẹ̀ síwájú Comfort. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, èmi lágbájá, mo yí ọjọ́ ìbí mi, mo sì ń bẹ àwọn ọ̀gá mi kí wọ́n ṣíjú àánú wò mí.

"Ẹ fọwọ́ sí i, mà," ó ní. "Ẹ ó máa bá iṣẹ́ yín lọ. Àwọn tó kù ti fọwọ́ sí i."

"Kí ni mo yí?"

"Ọjọ́ ìbí yín, mà. Ọdún méjì."

"Mo wá sọ ara mi dọmọdé ni? Ùwé tí mo fi gba uṣẹ́ yìí ló sọ mí dàgbà. Bó bá jẹ́ ti tíṣà ni mo mú wá, mà á tún ṣe ọdún méjì sí i kí n tó fẹ̀yìn tì. Olè wo ló ń ja ara rẹ̀ lólè?"

"Ó yé mi, mà, ṣùgbọ́n òfin ni..."

"Lọ bi bàbá rẹ, ọmọ mi. Etí ọmọ mélòó ló ní kí wọ́n fọwọ́ kàn?"

Ẹnì kan nínú àwọn tó jókòó fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Mo fa Comfort láṣọ. "Jọ̀ọ́, fọwọ́ sí i. Ìwé lásán ni."

Ó yíjú sí mi. Ó dùn ún, mo rí i. "Bàbá mi ló gbé mi lọ ṣèrìbọmi, Bùnmi. Òkú ò lè gbèjà ara rẹ̀. Ṣé èmi ni mà á wá pè é lópùrọ́?" Ó ti ìwé náà padà. "Mi è ní fọwọ́ sí i."

Wọ́n ní kó lọ jókòó sí ilé títí wọ́n á fi ránṣẹ́ pè é.

Ní ọjọ́ Ajé, kó tó di aago méje, Comfort ti dé. Wọ́n ti fa ìlà pupa lé orúkọ rẹ̀ nínú ìwé tí a fi ń kọ orúkọ láràárọ̀. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí ìsàlẹ̀, ó sì kọ ọdún tí wọ́n bí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Màmá Florence, nọ́ọ̀sì àgbà wa, sáré jáde. "Comfort, orúkọ rẹ ò sí níbẹ̀ mọ́!"

"Ó ti wà níbẹ̀ báyìí, mà," ó dáhùn, ó sì lọ gbé omi kaná.