Ẹ̀dọ̀ Adìyẹ Tí Mo Gbé Lọ sí Kàbà

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi kúrò ní Iyah-Gbẹdẹ. Mo gbé kúlà lé itan, ẹ̀dọ̀ àti ẹran àyà adìyẹ mi ló wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú yìnyín. Ilé ìwé kan fẹ́ máa ra adìyẹ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gbé ẹran náà lọ fún àyẹ̀wò ní Kàbà, bóyá oògùn ṣẹ́kù nínú ẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mọ bí adìyẹ mi ṣe ń sanra. Ẹ ò mọ̀ pé àìsàn wà, àìsàn ò sí, mò ń bu oògùn apakòkòrò sómi wọn, n kì í sì í dúró kó kúrò lára wọn kí n tó tà wọ́n.

Awakọ̀ gba owó ẹyin mẹ́wàá lọ́wọ́ mi. Láti Ayétòrò-Gbẹdẹ ni kòtò ti ń gbé wa sọ.

“Bàbá, ẹja lẹ gbé ni?” awakọ̀ bi mí.

“Ẹran ni.”

“Ẹni tẹ́ ẹ gbé e lọ fún á gbádùn o.”

Mo fa kúlà mọ́ra.

Nígbà tá a dé Kàbà, wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn níbi àyẹ̀wò, mo bá yà sílé àna mi, ìyá ọkọ ọmọ mi. Mo gbé kúlà sílẹ̀, oorun sì gbé mi lọ lórí àga. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹran tí èèyàn bá gbé wọ ilé àna, ti ìkòkò ni. Èmi ni kò sọ pé ti àyẹ̀wò lèyí.

Òórùn ọbẹ̀ ló jí mi. Ìyá ti gúnyán, ẹ̀dọ̀ àti ẹran àyà adìyẹ mi sì wà lójú ọbẹ̀.

“Okun o, àna mi,” ó kí mi. “Ẹ ṣeun, ẹran yín dára!” Ó mú ẹ̀dọ̀ kan, ó nà án sí ọmọ-ọmọ wa.

“Má jẹ ẹ́!” Mo lọgun, ọmọ náà bú sẹ́kún.

Mo wá ṣàlàyé oògùn àti àyẹ̀wò. Ìyá gbé ìkòkò kúrò nílẹ̀ wẹ́rẹ́.

“Ó dáa. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ yín ńkọ́? Ta ní ń lọgun fún wọn?”

Ojú tì mí débi pé n ò lè wo ọmọ náà. Ìyá fi ẹja gbígbẹ se ọbẹ̀ mìíràn fún mi, ṣùgbọ́n mo fi iyán náà sílẹ̀. Mo gbé kúlà òfìfo wọkọ̀ padà. Igbe tí mo ké yẹn ti tó èsì àyẹ̀wò.

Màmá Bọ́lá, aládùúgbò mi, ló dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ ra adìyẹ ìsọmọlórúkọ.

“N ò tà lónìí,” mo ní.

“Ṣé wọ́n ń ṣàìsàn ni?”

“Rárá. Oògùn tí mo fún wọn ni kò tíì kúrò lára wọn.”

Ó sún mọ́ mi.

“Èyí tẹ́ ẹ tà fún wa nígbà Àjíǹde ńkọ́?”

“Ó wà nínú ìyẹn náà.”